Ìlú Èédú Tó Fẹ́ràn Bọ́ọ̀lù

Ní ìlú Gelsenkirchen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, pápá bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Glückauf. Bí àwa ṣe ń kí aláró pé "àrẹ̀dú", bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakùsà ibẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ yìí kí ara wọn. Lórí ilẹ̀ iléeṣẹ́ èédú Consolidation ni ẹgbẹ́ Schalke 04 ti ṣí pápá náà ní 1928. Iléeṣẹ́ yẹn náà ni Ernst Kuzorra, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú wọn, ti wa kùsà.

Láyé ìgbà yẹn, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi bọ́ọ̀lù jẹun. Máàkì 5 péré ni wọ́n fàyè gbà fún ìnáwó agbábọ́ọ̀lù. Ní oṣù August 1930, àṣírí tú pé Schalke ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fòfin de agbábọ́ọ̀lù 14. Akápò ẹgbẹ́, Willi Nier, kò lè fara da ìtìjú náà. Inú omi ló kú sí.

Àmọ́ ará ìlú kò kọ̀ wọ́n. Àwọn tó ń làágùn lábẹ́ ilẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun. Ní June 1, 1931, tí wọ́n padà sórí pápá, nǹkan bí 70,000 èèyàn ló rọ́ wá wò wọ́n. Ní 1934, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Jámánì.

Lónìí, kùsà ìlú náà ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n bí ihò kùsà ni wọ́n ṣe ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà jáde ní pápá tuntun. Owó ńlá ni àwọn tó ń gbabẹ̀ kọjá ń gbà. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè máàkì 5 mọ́.