Kí Ló Ń Pa Ọmọdé Lẹ́rìn-ín Nínú Ohun Ìríra?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé wa lọ́dún yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré lójú ẹni tí kò ní ọmọdé nílé. Ọ̀rọ̀ kàtúùnù ni, àwọn àwòrán tí a yà tó ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe gbogbo wọn ni mo ń bá wí. Èyí tí mo ń sọ ni irú èyí tí ikun imú, ìsó, èébì, eyín jíjẹrà àti ìbẹ̀rù kún inú rẹ̀, tí àgbàlagbà yóò wò tí yóò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí ọmọdé yóò wò tí yóò máa di ikùn mú nítorí ẹ̀rín. Àwọn òbí a máa bi mí pé, "Ààfáà, ṣé nǹkan yìí kò ní ba àwọn ọmọ wa jẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ ń rí níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní ilé-kéú. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rín ń pọ̀ nínú rẹ̀ tó ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó. Bí mo bá ń ka àwọn ohun tó ń ba àlùwàlá jẹ́, tí mo bá dé orí ìtọ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lójú. Bí mo bá dé orí ìsó, ó parí nìyẹn. Ẹnì kan á fọwọ́ bo ẹnu, ẹlòmíràn á dorí kọ sábẹ́ tábìlì. Síbẹ̀, bí mo bá bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni wọn kì í gbàgbé. Èyí jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rín wọn kì í ṣe àfojúdi.

Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Bí ó bá rí ìgbẹ́ adìyẹ nílẹ̀, ẹnu ni yóò fi í sí. Àwa ni a máa ń kígbe pé, "Ẹ̀gbin ni! Jù ú nù!" Nígbà tí ó bá fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, òfin yìí ti wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ tuntun sí i bíi bàtà ọdún. Ó fẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá wá rí ẹnì kan nínú àwòrán tó rú òfin náà, inú rẹ̀ á dùn, nítorí pé òun mọ ohun tí ẹni yẹn kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan jẹ́ ẹ̀gbin kò lè fi ẹ̀gbin náà rẹ́rìn-ín. Ìdí kìíní nìyẹn.

Nínú irú kàtúùnù báyìí, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni The Ren & Stimpy Show. Nickelodeon, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fi í hàn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1991, lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú Doug àti Rugrats. John Kricfalusi, ọmọ Kánádà, ló dá a sílẹ̀. Ren jẹ́ ajá tẹ́ẹ́rẹ́ tí inú máa ń bí, Stimpy sì jẹ́ ológbò sísanra, onínúure tí orí rẹ̀ kò pé. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń ya àwòrán náà ń dá: bí ìtàn bá ti ń lọ, wọ́n á dá a dúró lójijì, wọ́n á fa ojú ẹnì kan súnmọ́ wa, wọ́n á sì fi gbogbo irun imú, iṣan ojú àti eyín rẹ̀ tó ti bàjẹ́ hàn, bí ẹni fi dígí ńlá wò ó. SpongeBob SquarePants, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, náà ń dá irú ọgbọ́n yìí.

Ìtàn kan wà nínú Ren & Stimpy tí wọ́n gbé jáde ní 1993, "Son of Stimpy" ni wọ́n pè é. Stimpy jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ṣàdédé só. Kò só rí láyé rẹ̀, nítorí náà ó gbà pé ọmọ ni òun bí. Ó sọ fún Ren, Ren kò gbà á gbọ́. Ó sọ ọmọ náà ní Stinky, bí ẹni pé kí a sọ ọmọ ní Olóòórùn. Ṣùgbọ́n Stinky ti lọ. Stimpy ń retí rẹ̀, ó ń wá a, ayọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ọdún Kérésì dé, kò lè bá wọn ṣe é. Níkẹyìn ó jáde sínú yìnyín, ó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri, títí òtútù fi mú un gan. Stinky padà wá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà. Ó fẹ́ gbé ìyàwó, orí ẹja jíjẹrà sì ni ìyàwó náà.

Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ìtàn òbí tí ọmọ rẹ̀ sọnù ni. Bí a bá sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ pé ìyá kan ń wá ọmọ rẹ̀ nínú òtútù, ó lè bú sẹ́kún tàbí kí ó dìde kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé ìsó ni ọmọ náà, yóò jókòó gbọ́ ọ dé òpin. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bo ìbànújẹ́ náà, bí wọ́n ṣe ń fi ṣúgà bo oògùn kíkorò. Ìdí kejì nìyẹn: ohun tó tóbi ju ọmọdé lọ, ẹ̀fẹ̀ a máa sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Láti 1999 títí di 2002, Cartoon Network gbé Courage the Cowardly Dog jáde, iṣẹ́ John R. Dilworth. Courage jẹ́ ajá ojo. Bí iwin bá yọ, yóò gbọ̀n, yóò kígbe. Ṣùgbọ́n bí iwin náà bá fẹ́ mú Muriel, ìyá àgbà tó gbà á tọ́, ajá ojo yìí ni yóò lọ gbà á sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi kan kì í jókòó wò ó, ẹ̀yìn àga ló máa ń dúró sí. Mo ní kó pa á bí ó bá ń bà á lẹ́rù. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀rù ń ba Courage náà." Mo dákẹ́.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a sọ pé àtòkèèrè ni gbogbo èyí ti wá. Ta ló jìn sí kòtò ìgbẹ́, tó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ ló ń pariwo pé kí wọ́n ṣe kíá, òórùn fẹ́ pa òun? Ìjàpá ni. Ta ló jí àsáró gbígbóná nílé àna rẹ̀, tó dà á sínú fìlà, tó dé e mọ́rí, tí orí rẹ̀ fi pá? Òun náà ni. Àwọn ìyá wa àgbà sọ wọ́n fún wa lábẹ́ òṣùpá, a rẹ́rìn-ín, a kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bí ìtàn bá parí, á bi wá pé, "Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?" Tẹlifíṣọ̀n kì í bèèrè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ibo wá ni ààlà? Kricfalusi ṣe ìtàn kan, "Man's Best Friend", nínú èyí tí Ren ti fi àjẹ̀ ọkọ̀ lu ọkùnrin kan ní àlùbolẹ̀. Nickelodeon kọ̀, wọn kò fi í hàn. Ní 1992 wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì ń ṣe é lọ. Ní 2003 ó tún gbé e dé fún àgbàlagbà nìkan, lórí ìkànnì mìíràn, láìsí ẹni tí yóò sọ pé má ṣe èyí. Ìtàn tuntun mẹ́ta péré ni wọ́n fi hàn kí wọ́n tó dá a dúró. Lójú tèmi, ìgbà tí kò sí ààlà mọ́, ẹ̀rín lọ, ìkà ló kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún kan, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí imú rẹ̀ kì í gbẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Oníkun. Kì í ṣe kàtúùnù ló kọ́ wọn, ọmọdé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà kò fi wá sí kéú. Mo kó àwọn yòókù jọ, n kò na ẹnikẹ́ni. Ìtàn Stimpy ni mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kíláàsì kejì yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí mo dé ibi tó ti ń wá Stinky nínú yìnyín, gbogbo wọn dákẹ́. Mo bi wọ́n pé, "Ta ni a ń retí ní kíláàsì wa, tí kò wá?" Ọmọbìnrin kan dáhùn. Orúkọ ọmọ náà gan-an ló pè, kò pè é ní Oníkun. Mẹ́ta nínú wọn lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì padà wá.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi sí ẹ̀yin òbí ni pé ẹ má kàn pariwo pé "Ẹ pa á!" Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbin ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, tàbí ẹni tí ìyà ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ ti ìkà, ẹ pa á, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ikun imú lásán, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè ìyá àgbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti kà á nínú Súratul Hujurát pé kí ìjọ kan má ṣe fi ìjọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwòrán ni Stimpy, kò lè dùn ún. Ẹni tó jókòó tì yín ní kíláàsì kì í ṣe àwòrán.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó má ṣe gba ẹ̀rín rere lẹ́nu wọn. Àmín.