Ọjọ́ Kan Láàrin Àwọn Òkè Ọ̀yọ́-Ilé

Nígbàkígbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi wá: "Pásítọ̀, níbo la lè kó àwọn ọmọ lọ tí yóò dùn mọ́ wọn, tí wọn yóò sì rí ẹ̀kọ́ kọ́?" Àwọn kan a kó ọmọ wọn lọ sí etí òkun ní Àgbádárìgì, àwọn mìíràn a lọ gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa ará Yewa ju bí a ti rò lọ, tí a kì í sì í sábà dárúkọ. Ibẹ̀ ni àwọn òkè Ọ̀yọ́-Ilé, nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Àwa àti ìdílé méjì nínú ìjọ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀rùn. A fẹ́ sọ ohun tí a rí fún yín, kí ẹ̀yin náà lè mọ bí ẹ ó ti ṣe é.

Irú ibi tí ó jẹ́

Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ igbó náà di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, olú ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ẹfọ̀n, ìgalà, ìjímèrè àti oríṣiríṣi ẹyẹ ń gbé inú rẹ̀. Odò Ògùn tí a ń rí ní Abẹ́òkúta, tí ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà ní Èkó, inú ọgbà yìí ni ó gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn òkè àpáta wà káàkiri ibẹ̀, pàápàá ní ìhà àríwá. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: wọn kò ga bí àwọn òkè Gashaka-Gumti, ọgbà mìíràn ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, níbi tí Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, gbé ga tó 2,419 mítà. Èyí tó ga jù ní Ọ̀yọ́-Ilé kò fi bẹ́ẹ̀ ju 500 mítà lọ sí ojú òkun. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ Ìlárò, tí òkè tó mọ̀ kò ju gegele ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ, òkè gidi ni.

Ọ̀nà kan náà

Kí ló wá kan àwa ará ẹnu ibodè níbẹ̀? Kí a tó yí orúkọ wa padà sí Yewa ní 1995, Ẹ̀gbádò ni wọ́n ń pè wá. Láyé àtijọ́, nígbà tí Aláàfin ṣì wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ilẹ̀ wa ni ọ̀nà rẹ̀ sí òkun. Ọjà tí ó bá ti Àgbádárìgì tàbí Àjàṣẹ́ gòkè wá, àárín ìlú wa ni ó ń gbà. Ìjánà, abúlé tí kò jìnnà sí Ìlárò, ni Onísàre ń gbé, ẹni tí Aláàfin fi ṣe alákòóso lórí ọ̀nà náà. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe ń dá mọ́tò wa dúró lónìí tí wọ́n ń tú àpò wa wò, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ èrò nígbà náà.

Ní oṣù December 1825, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton, ará Scotland, gba ọ̀nà yìí láti Àgbádárìgì. Méjì nínú àwọn òyìnbó tó bá a rìn, Pearce àti Morrison, kú lójú ọ̀nà kí ọdún náà tó parí. Òun fúnra rẹ̀ dé Ọ̀yọ́-Ilé ní January 1826, ó sì bá Aláàfin Májòtú lórí oyè. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé wọ́n tẹ ìlú náà dó sí ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọn. Pé odi amọ̀ tó ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà yí i ká. Pé yíyíká odi náà tó máìlì 15, ó sì ní ẹnubodè 10. Ìlú ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ogun ti ń rùn bọ̀. Ìlọrin ti ya kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ń jẹ abúlé run lẹ́yìn odi. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John dé ibẹ̀ ní 1830, odi náà ti ń wó, kò sì sí ẹni tí ó ń tún un ṣe. Kí 1840 tó dé, ìlú ti tú. Àtìbà wá tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí ibi tí ó wà títí di òní. Igbó bo ti àtijọ́.

Bí a ti lọ

Láti Ìlárò dé Ọ̀yọ́-Ilé lé ní 250 kìlómítà, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan. A gbàdúrà ìrìn àjò ní ìdájí, a gba Ìgbógìlá àti Ayétòrò dé Abẹ́òkúta, a sì forí lé Ìgbò-Ọrà àti Ìsẹ́yìn. A dúró ní Ọ̀yọ́, a sì rí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Ìgbẹ̀tì ni a sùn mọ́jú. Ìlú olókè ni Ìgbẹ̀tì fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ wọlé jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n dúró lóde, wọ́n ń wo bí oòrùn ti ń wọ̀ sẹ́yìn àpáta.

A kò bá èrò mìíràn lọ. A dá mọ́tò tiwa gbà, jíìpù tí ó lè gba ọ̀nà igbó, a sì sanwó fún amọ̀nà tiwa. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan tẹ̀ lé wa pẹ̀lú. Amọ̀nà wa jẹ́ àgbàlagbà tí ó ti ṣe ọdẹ rí, ó sì ti mọ inú igbó náà bí ẹni mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Àwọn kan lè ní owó ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa rò bẹ́ẹ̀ títí a fi wọ inú igbó.

Iṣẹ́ amọ̀nà

Nítorí pé, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá dá nìkan lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, koríko, àpáta àti igi ni ẹ ó rí. Ẹ ó yà fọ́tò, ẹ ó sì padà sílé. Kò sí ààfin tó dúró níbẹ̀, kò sí òrùlé kankan.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan láàrin wa fò gun orí òkìtì ilẹ̀ gígùn kan. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gán ibí yìí mà gùn o!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀gán. Odi ìlú lo dúró lé yẹn. Wo yàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Gbogbo wa wo ilẹ̀. Òótọ́ ni. Òkìtì náà ń lọ gbọọrọ láàrin igi títí ojú wa kò fi ká a mọ́, kòtò sì ń bá a lọ. Láti ìgbà náà ni igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí bá wa sọ̀rọ̀. Ó fi àfọ́kù ìkòkò hàn wá nílẹ̀, tí ọnà ara wọn kò tíì parẹ́. Ó fi ojú ọlọ hàn wá lórí àpáta, ibi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan títí òkúta fi jẹ kòtò. Ó nawọ́ sí igi oṣè ńláńlá, ó ní ibi tí ẹ bá ti rí oṣè tó pọ̀ báyìí nínú igbó, kí ẹ mọ̀ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Màmá àwọn ọmọ mú àfọ́kù kan, ó wò ó títí, ó sì rọra dá a padà sí àyè rẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí a mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Ènìyàn ti gbé ibẹ̀ pẹ́ ju Aláàfin lọ pàápàá. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀gbẹ́ni Frank Willett wa ilẹ̀ nínú ihò àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Mejiro, ó sì bá àwọn ohun èlò òkúta kéékèèké níbẹ̀, ti àwọn tó gbé ayé kí irin tó dé.

Lẹ́yìn náà a gun òkè. Kò rọrùn fún àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ibi méjì ni a ti jókòó mí. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ sí wa lára, a sì rí igbó tó tẹ́ lọ bí aṣọ ní ìhà gbogbo. Amọ̀nà wa fi ọ̀pá rẹ̀ júwe gúúsù. Ó ní, "Ọ̀hún ni ọ̀nà òkun. Ọ̀hún ni ilé yín wà."

Ọmọ wa obìnrin kan bi í pé, "Bàbá, kí ni wọ́n ń kó gba ọ̀nà náà lọ sí òkun?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ènìyàn ni, ọmọ mi."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, a kò sì fẹ́ kí wọ́n fi bò mọ́ àwọn ọmọ lójú. Àwọn tí wọ́n kó lógun ni wọ́n ń dè lókùn gba ilẹ̀ wa kọjá sọ́dọ̀ àwọn olówò ẹrú létí òkun. Aṣọ, tábà àti owó ẹyọ ló ń padà bọ̀. Àwọn oníbodè tiwa ń gba owó lórí wọn. Ògo Ọ̀yọ́-Ilé pọ̀, ṣùgbọ́n apá kan nínú ògo náà, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni. Nígbà tí ilé náà sì wó, ọmọ Yorùbá fúnra wọn ni ogun kó jù lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọdékùnrin tí ń jẹ́ Àjàyí, tí wọ́n kó ní Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ní 1821. Èkó ni wọ́n ti tà á sọ́kọ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lójú òkun ní 1822. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tí à ń kà ní èdè wa.

Ṣé ó yẹ kí onígbàgbọ́ lọ?

Àwọn ará kan béèrè èyí lọ́wọ́ wa, nítorí pé àwọn ènìyàn ti bọ òrìṣà ní irú ibẹ̀ rí. Ìdáhùn wa ni pé ìtàn ni a lọ gbọ́, a kò lọ bọ ohunkóhun. Amọ̀nà wa kò sì fi ipá mú wa ṣe ohunkóhun. Òkè kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó léwu ni kí ọmọ dàgbà kó má mọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti rìn, àti ibi tí wọ́n ti ṣubú.

Ìmọ̀ràn fún ìdílé tó bá fẹ́ lọ

Ẹ lọ nígbà ẹ̀rùn, láti December sí March, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí ọ̀nà kò sì ní ẹrẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ọgbà ní Ọ̀yọ́ bóyá ibẹ̀ tòrò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Ẹ gbé omi púpọ̀ dání àti oúnjẹ tí kò ní tètè bàjẹ́. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti aṣọ tó gùn lápá. Ẹ bá amọ̀nà dúnàá-dúrà kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹnu yín lè kò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tó gbọ́ sí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ bá ẹni tó mọ ibẹ̀ rìn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Láti 1995 ni orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè fi odi han ọmọ láàrin igbó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ìjánà wà nítòsí wa. Mélòó nínú àwọn ọmọ Ìlárò ló mọ̀ pé ọ̀nà Aláàfin gba ibẹ̀ kọjá? Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà nínú ìjọ, ẹ̀yin ni amọ̀nà tí ó kù. Ẹ mú àwọn ọmọ-ọmọ yín dání ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ rìn yí ìlú ká, ẹ fi àyè hàn wọ́n, ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, èyí tó dùn àti èyí tó korò.