Gíríìnì káàdì mi kú, bàbá mi náà kú: Ohun tójú mi rí láti Houston dé Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá gbé ìlú òyìnbó rí mọ̀ pé fóònù tó bá ti ilé wá láàárín òru, kì í ṣe ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ló bá wá. Aago mẹ́ta òru ni tèmi dún ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Ọ́jọ́rú, February 5, 2025. Àbúrò mi obìnrin ló wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Bọ̀dá mi, Bàbá ti lọ."

Mùsùlùmí ni bàbá mi, àwọn Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti sin ín sí Ìṣẹ́yìn. Àdúà ọjọ́ kẹjọ ló kù tí mo lè bá, èmi sì ni àkọ́bí. Ta ni yóò wá jókòó síbi tó yẹ kí àkọ́bí jókòó sí? Mo ní mò ń lọ. Àfi bí mo ṣe fa pọ́ọ̀sì mi yọ tí mo rí gíríìnì káàdì mi, tí mo rántí pé ó ti kú.

Kì í ṣe pé mo fọwọ́ lẹ́rán o. Lọ́tìrì físà ti ọdún 2014 ló gbé mi dé Amẹ́ríkà, èyí tí àwa ọmọ Nàìjíríà jẹ kẹ́yìn, torí láti orí ti 2015 ni wọ́n ti yọ wá kúrò nínú ẹ̀. Mi ò tíì pẹ́ tí mo jáde ní pólì nígbà náà. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára káàdì ọ̀hún, tèmi sì pé ní November 2024. Ní ìparí September ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù I-90 láti gba òmíràn, mo san dọ́là 415 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ti rí i gbà. Mo ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀. Káàdì tuntun ni mò ń retí, kò sì dé.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn lọ́tùn-ún lósì! Ní òpópónà Bissonnet, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí ní Houston, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló di lọ́yà. Ọ̀kan ní kí n má dán an wò, ṣebí January 20 yìí ni Donald Trump padà gorí àga, ṣé mi ò gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń gbóná ni? Òmíràn ní inú Ikeja ni wọ́n máa já mi sílẹ̀ sí bí mo bá fẹ́ padà. Ìyàwó mi ló béèrè ohun tẹ́nì kan ò béèrè. Ó ní, "Bàbá Àmínátù, lẹ́tà yẹn, ṣé ẹ ti kà á dópin?"

Ẹ gbà mí o, mi ò kà á! Ìgbà tí mo mú un jáde ni mo rí i pé ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ gedegbe pé bí mo bá mú lẹ́tà yìí pọ̀ mọ́ káàdì tó ti kú, oṣù mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi kún un fún mi, láti ọjọ́ tó wà lára káàdì. Oṣù mẹ́rìnlélógún ni tẹ́lẹ̀, September 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógójì. Ìyẹn ni pé káàdì tí mò ń sunkún lé lórí ṣì lè gbé mi dé November 2027. Lọ́yà tí mo pè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Káàdì ló kú, ẹ̀tọ́ yín ò kú." Ó wá fi kún un pé ohun tó ń pa ẹ̀tọ́ náà ni kéèyàn lọ jókòó sílé pẹ́ jù. Etí kan ni mo fi gbọ́ ìyẹn.

Bààlúù tó gba Frankfurt kọjá lówó ẹ̀ mọ níwọ̀n. Mi ò wọ̀ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ gba pápákọ̀ Jámánì kọjá gbọ́dọ̀ ní físà tiwọn, àfi tó bá ní káàdì Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé káàdì òkú ni n ó wá máa fi ṣàlàyé fún ará Jámánì? Mo rọra sanwó tó le, mo wọ èyí tó ti Atlanta lọ tààrà sí Ikeja.

Mo sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi l'Ágége, ilẹ̀ mọ́, mo wọ rélùwéè níbẹ̀ lọ sí Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Ọdún 2021 ni rélùwéè yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti dé kí n tó wálé gbẹ̀yìn ní 2022, ṣùgbọ́n mi ò wọ̀ ọ́ rí. Ọyẹ́ ò tíì lọ, eruku bo gbogbo igbó. Láti Mọ́níyà, ọ̀nà tó gba Ìjàyè lọ sí Ìṣẹ́yìn ni mọ́tò gbà, kìlómítà 65. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn láyé àtijọ́ mọ ohun tí ojú wa rí nínú kòtò. Ó ti dára báyìí, ọ̀dà dúdú ni láti òkè délẹ̀.

Ká tó wọ Ìṣẹ́yìn dáadáa ni mo ti gbọ́ òfì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa mọ ohun tí mò ń wí: kì í ṣe ojú lèèyàn fi ń mọ̀ pé òun ti dé, etí ni. Aláṣọ òkè ni bàbá mi títí tó fi kú. Ẹtù tó ń hun lọ́wọ́ ṣì wà lórí òfì, kò tíì dé ìdajì, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án. Ẹkún tí mi ò sun ní Houston, ìdí òfì yẹn ni mo ti sun ún.

A ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ, ó dùn, àwọn ààfáà pé. Ìgbà tá a ṣe tán ni àbúrò bàbá mi pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ kọkànlélógójì, pé ìyá mi tó wà nínú opó ń fẹ́ rí mi nítòsí. Mo ní, "Bàbá, ìwé mi ni ò jẹ́. Káàdì mi ti kú, bí mo bá pẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwé òyìnbó ló wá ju bàbá ẹ lọ ni?" Mi ò lè fèsì.

Irọ́ ni mo pa fún wọn. Kò sí ohun tí ọjọ́ mọ́kànlélógójì máa fi káàdì mi ṣe. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Káàdì ni mo kàn fi ṣe àwáwí.

Nígbà tí mo dé Ikeja láti padà, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà gba ìwé mi, ó yí káàdì síwá yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bọ̀dá, káàdì yín ti kú, ẹ ò lè wọkọ̀." Mo fa lẹ́tà yọ. Ó ní oṣù mẹ́rìnlélógún lòun mọ̀, òun ò mọ mẹ́rìndínlógójì. Mi ò bínú sí i, torí ilé iṣẹ́ bààlúù tó bá gbé ẹni tí ìwé ẹ̀ ò pé lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n máa bu owó ìtanràn lé e ni. Ó lọ pe ọ̀gá ẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo fi dúró, òógùn bò mí. Alhaja kan tó wà lẹ́yìn mi kọjá lójú ẹsẹ̀, káàdì tiwọn ń dán, 2030 ló wà lára ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe é." Ọ̀gá dé, ó ka lẹ́tà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ.

Ní Atlanta, àwọn ìmígíréṣọ̀n ní kí n lọ jókòó nínú yàrá kan. Ta ni mo bá níbẹ̀? Alhaja ni! Ọkọ wọn ni àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlù ní Lagos, wọ́n jókòó tì í fún oṣù mẹ́rìndínlógún títí tó fi kú. Wọn ò gba ìwé àṣẹ kankan kí wọ́n tó kúrò. Wọ́n wá gbé ìwé kan síwájú wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, I-407, ìyẹn ni pé àwọn fúnra wọn ti yọ̀ǹda káàdì náà. Mo rọra sọ ohun tí lọ́yà sọ fún mi: "Alhaja, wọn ò lè fipá mú yín. Ẹ ní adájọ́ lẹ fẹ́ rí." Òṣìṣẹ́ kan ní ká dákẹ́. Wọ́n pè mí, wọ́n béèrè iye ọjọ́ tí mo lò, mo ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tẹ òǹtẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀ sílé.

Alhaja ò fọwọ́ sí i. Wọ́n fún wọn lọ́jọ́ láti lọ rí adájọ́ ìmígíréṣọ̀n, ọmọ wọn ló pè mí. Ẹ ò rí ayé? Èmi tí mo sá fi bàbá mi sílẹ̀, káàdì mi tó kú gbé mi wọlé. Àwọn tí wọ́n dúró ti ọkọ wọn dójú ikú, káàdì wọn tó wà láàyè ló di ẹjọ́.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí káàdì tuntun, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, ẹ lọ sílé. Ẹ mú lẹ́tà yẹn gan-an àti káàdì tó ti kú dání, ẹ má ya wọ́n. Tí wọ́n bá ti pè yín fún ìka títẹ̀, ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó lọ, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, torí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ da ìwé yín nù. Ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ, ìbéèrè máa pọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ó lè ju ọdún kan lọ, ẹ kọ fọ́ọ̀mù I-131 nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà ní Amẹ́ríkà, àṣẹ yẹn lè tó ọdún méjì.

March 17, nínú ààwẹ̀, ni ọjọ́ kọkànlélógójì bàbá mi. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mo fi fóònù sétí, mò ń gbọ́ àdúà láti Ìṣẹ́yìn. Káàdì tuntun ti dé báyìí, ọdún mẹ́wàá ló wà lára ẹ̀. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún àbúrò bàbá mi. Ní ọjọ́ tí mo bá tún padà sílé, òun ni n ó kọ́kọ́ sọ.