Òkè Zuma Kò Ní Iná Nínú

 

Ẹni tí ó bá ń ti Kaduna bọ̀ wá sí Abuja kò ní í béèrè kí ó tó mọ̀ pé òun ti ń dé. Òkè Zuma yóò yọ sí i lẹ́bàá ọ̀nà, nítòsí Madalla, ní ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Niger. Ó dúró gbọn-in, ó dúdú, ìlà funfun sì wà lára rẹ̀ bí ojú ènìyàn. Àwọn Gbagyi, tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí ìjọba tó yàn án fún olú ìlú ní 1976, bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Bí àlejò bá wọ inú ìlú, yóò tún rí òkè Aso lẹ́yìn ilé ìjọba. Ìbéèrè kan kì í sì í yẹ̀ lẹ́nu àlejò: ṣé lóòótọ́ ni iná máa ń jó lórí Zuma nígbà òjò?

Ẹ̀rín ni a máa ń fi ìbéèrè náà rín, títí di ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù September 2018, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape àti Maitama. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí kan ti ń bèèrè bóyá òkè oníná ni ó wà lábẹ́ wa, àti bóyá kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sílé.

Ìdáhùn mi ni pé rárá. Òkúta Zuma àti Aso yọ́ rí ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, ó sì tutù síbẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn ni ó jẹ ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò tí ó fi yọ síta. Ìbátan Olúmọ àti òkè Ìdànrè ni. Àwọn òkè oníná àtijọ́ wà ní Biu àti ní àyíká Jos, ṣùgbọ́n wọ́n ti dákẹ́ tipẹ́. Ti Mpape, àwọn ògbufọ̀ ilẹ̀ so ó mọ́ àwọn ibi tí òkúta ti sán láti ìgbà láéláé, wọ́n sì tún ka kànga ẹ̀rọ tí ó pọ̀ jù àti òkúta tí à ń fi ẹ̀tù fọ́ mọ́ ọn.

Ibi tí iná gidi wà ni òkè Kamẹrúùnù, lókè ìlú Buea. Gíga rẹ̀ tó 4,095 mítà. Ó yọ iná ní 1954 àti 1959, nígbà tí a ń ṣe àkóso ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ó tún yọ ní 1982, 1999, 2000 àti 2012. Ní 1999, òkúta yíyọ́ ṣàn títí ó fi gé ọ̀nà mọ́tò létí òkun.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà. Òkè náà ní ìwà tirẹ̀, èéfín rẹ̀ ni ó sì fi ń hàn. Bí òkúta yíyọ́ bá ń gòkè bọ̀, gáàsì inú rẹ̀ a máa tú jáde bí ìgbà tí a bá ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Èéfín imí-ọjọ́ a máa gbé díẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, irú èyí tí ojú kò rí. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a gbé ẹ̀rọ tí ó kọjú sí ọ̀run sínú mọ́tò, wọn a sì wà á gba abẹ́ èéfín láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ̀rọ náà yóò sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ó sọnù ti pọ̀ tó. Wọn yóò fi eré atẹ́gùn sọ ọ́ di púpọ̀, wọn yóò sì mọ iye tọ́ọ̀nù tí òkè ń tú ní ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ṣi eré atẹ́gùn wọ̀n, ìṣirò bàjẹ́ nìyẹn.

Gáàsì kejì, carbon dioxide, ṣòro jù láti wọ̀n, nítorí ó ti wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní láti gbé àpótí ẹ̀rọ dé ẹnu òkè gan-an kí ó fa èéfín náà mu. Òun náà ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù August 1986, ó tú jáde láti inú adágún Nyos ní Kamẹrúùnù, tí kò jìnnà sí ààlà wa. Ó ṣàn gba àfonífojì bí omi, ó sì pa nǹkan bí 1,700 ènìyàn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ọ̀sìn. Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù dé ìsàlẹ̀ adágún náà, kí gáàsì lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sì ń sọ ẹ̀rọ sínú omi láti mọ iye tí ó kù.

Àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rù rí pé ògiri òkúta tí ó dá omi Nyos dúró kò le tó. Bí ó bá já, apá Nàìjíríà ni omi yóò ṣàn sí. Ìdí nìyí tí ìjọba wa fi kọ́ dáàmù Kashimbila sí agbègbè Takum ní Ìpínlẹ̀ Taraba, kí ó lè gba àkúnya náà. Ó tún ní ẹ̀rọ iná mànàmáná 40 mẹ́gáwáàtì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe yọ ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí iná orí Zuma. Bí ilẹ̀ bá tún mì, ẹ má sáré lórí àtẹ̀gùn. Ẹ wọ abẹ́ tábìlì tí ó le, kí ẹ sì jáde sí gbangba nígbà tí ó bá dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá sì ní ará ní apá Takum, kí ó sọ ọ̀rọ̀ adágún yìí fún un, nítorí abèèrè kì í ṣìnà.