Ọkọ̀ Tí Kò Dúró Dè Mí: Láti Kútọnu dé Ziguinchor

Ní ìlú Dakar, ní etí òkun, ẹnu ọ̀nà irin kan wà níbi tí àwọn èrò tó ń lọ sí Ziguinchor ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejìlá, mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, mo ń bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní èbúté, mo ń wo iná rẹ̀ lórí omi. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n wọlé. Inú bí mi púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó ń ṣọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń gbé ní Ziguinchor, ní ẹkùn Casamance ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà, láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọmọ ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Àkọ́bí wọn obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Ọjọ́ Àìkú, ìyá wa ní Kétu kò sì lè rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni ẹbí yàn láti dúró fún ìdílé ìyá. Ìyá wa di aṣọ òkè kan sínú báàgì mi, ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó fi wọlé ọkọ.

Mo lè fi ẹsẹ̀ kan wọ bàálù láti Dakar dé Ziguinchor, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ló wù mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọkọ̀ náà: Aline Sitoé Diatta, ọmọ Kabrousse, ẹni tó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pé kí wọ́n má ṣe fi ìrẹsì wọn fún ìjọba Faransé. Ní ọdún 1943 ni wọ́n mú un. Timbuktu ni ó kú sí ní ọdún 1944. Láti ọdún 2008 ni ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti ń ná ojú omi yìí: a ó fi òru kan gba orí òkun, ojúmọ́ a sì mọ́ bá wa ní ẹnu odò Casamance.

Ìṣirò mi dára lórí ìwé. Bàálù yóò gbéra ní Kútọnu ní aago méje òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Èmi yóò pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, n ó sì dé Dakar ní aago kan ọ̀sán. Ọkọ̀ ojú omi yóò ṣí ní aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí méje wà láàárín méjèèjì. Mo rò pé ó tó, ó tilẹ̀ pọ̀ jù.

N kò ka ọyẹ́ mọ́ ọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo Kútọnu débi pé a kò rí òpin pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bàálù tí yóò gbé wa kò tíì dé láti ibi tó ti ń bọ̀. Aago méje di aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá di ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò bá wa sọ̀rọ̀. Pátákó iná nìkan ló ń yí àkókò padà. Ìyá oníṣòwò kan tó jókòó tì mí ló dìde lọ bá àwọn òṣìṣẹ́, tó sì gba ìwé tó sọ pé wọ́n dá wa dúró, iye wákàtí tó jẹ́, àti ìdí rẹ̀. Nígbà tó padà, ó wò mí. "Ọmọ mi, lọ gba tìrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí." Mo lọ gba tèmi. Nígbà tí mo dé ìlú tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù, tí mo bá a pé èyí tó yẹ kó gbé mi ti lọ, ìwé yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi fi mí sínú òmíràn láìgba owó lọ́wọ́ mi.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá nígbà tí a balẹ̀ ní pápá Blaise Diagne. Pápá yìí, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, kò sí nínú ìlú Dakar gan-an. Nǹkan bí kìlómítà 50 ni ó fi jìnnà sí i. Mo dúró níbi tí ẹrù ti ń yí jáde títí kò fi ku ẹrù kankan. Báàgì mi kò sí níbẹ̀, aṣọ òkè ìyá mi sì wà nínú rẹ̀. Mo kọ ìwé pé ẹrù mi sọnù, mo sáré wọ takisí. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ni a bá wọ Dakar. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí mo dé èbúté. Wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà fi sùúrù gbọ́ mi. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn án, mo fi ìwé ìdádúró hàn án, mo sọ ti ìgbéyàwó, mo sọ ti ìyá mi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò tà, mo sọ irú ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ nílé. Mo ní, "Àbúrò mi, ènìyàn kan péré ni mí, n kò tilẹ̀ ní ẹrù. Ẹnìkan kò lè mú kí ọkọ̀ rì."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. A ti fi àyè yín fún ẹni tó ti ń dúró láti ọ̀sán. Iye orúkọ tó wà nínú ìwé ni iye ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀, a sì ti pa ìwé náà dé." Ọkọ̀ fọn fèrè, ó lọ. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá júwe ilé àlejò tí owó rẹ̀ kò wọ́n fún mi, tó sì kọ orúkọ ibùdókọ̀ tí n ó lọ ní ìdájí sórí ìwé fún mi. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, n kò dúpẹ́ bó ti yẹ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Gba orí ilẹ̀ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún ọkọ mi pé o bá wọn fa ọ̀rọ̀ ní èbúté." N kò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí jù láti bèèrè.

Kí ojúmọ́ tó mọ́ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti wà ní ibùdókọ̀ Beaux Maraîchers ní Pikine. Mo rí àyè nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní sept-places. A gba Kaolack kọjá, a dé Gáńbíà, orílẹ̀-èdè tínínrín tó tẹ̀ lé odò rẹ̀ wọ àárín Sẹ̀nẹ̀gà. Ní Farafenni, a gun afárá tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Kí afárá yìí tó dé, orí ọkọ̀ ojú omi ni àwọn mọ́tò ti ń kọjá odò náà, awakọ̀ wa sì sọ pé àwọn a máa sùn sí etí omi kí ó tó kàn àwọn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù: igi ọ̀pẹ, oko ìrẹsì, Bignona. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a gun afárá Émile Badiane wọ Ziguinchor, erukuru sì ti sọ irun mi di ewú.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ibi tí báàgì mi wà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ òkè tí òun fúnra rẹ̀ fi wọlé ọkọ jáde. Òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ náà ró aṣọ ìyá rẹ̀, mo fi Yorùbá ṣe àdúrà fún un, ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, àgbàlagbà kan sì túmọ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi sí èdè Jóólà. Báàgì mi dé ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sí ibi ìsìnkú kan ní Kantène, lẹ́bàá ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sàréè náà kò ní orúkọ. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọkọ̀ Joola, tó gbéra ní Ziguinchor lọ sí Dakar, dojú dé nínú ìjì ní òkun tó wà níwájú Gáńbíà. Nǹkan bí ènìyàn 580 ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn súnmọ́ 1,900, nítorí ogun Casamance kò jẹ́ kí ọ̀nà ilẹ̀ fọkàn ẹni balẹ̀. Àwọn tó kú ju 1,800 lọ. Àwọn tó yè jẹ́ 64, obìnrin kan ṣoṣo ló sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a lọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sí ilé ìwé.

Àbúrò àna mi wà nínú wọn, ọmọ ọdún 19, tó fẹ́ wọ yunifásítì. Wọn kò rí òkú rẹ̀.

"Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì," ni àna mi wí. "Ó tètè dé. Èmi ni mo sìn ín lọ sí èbúté. Mo rí àwọn tó pẹ́ dé, tí wọ́n ń bẹ̀ pé ẹnìkan péré ni àwọn. Èmi pàápàá bá wọn bẹ̀ fún obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn. N kò bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn jọ lọ ni."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Dakar padà sí mi létí. N kò lè sọ ọ́ fún un. Títí di òní, n kò tíì sọ ọ́.

Mo fi ọkọ̀ ojú omi padà, mo sì fi ọjọ́ méjì gbáko sí àárín ọjọ́ tí yóò dé Dakar àti ọjọ́ bàálù mi. Ní èbúté Ziguinchor, wọ́n kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré dé pẹ̀lú àpò léjìká, ó ń bẹ̀. Bó bá jẹ́ ní Kútọnu ni, gbogbo wa ì bá ti máa bá a bẹ̀. Ní Ziguinchor, kò sí ẹni tó la ẹnu. Ìyá arúgbó kan nìkan ló na ọwọ́ gba àárín irin, tó fún un ní ọsàn méjì. Ọkọ̀ ṣí. A gba àárín àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn yọ síta, a kí Carabane, a bọ́ sójú òkun. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tán, ìyá tó jókòó níwájú mi yọ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, kò sì sùn títí a fi rí iná Dakar.

Àwa ọmọ Kétu mọ ohun tí ẹnu ọ̀nà jẹ́. Àkàbà Ìdènà ṣì dúró láàárín wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun Dahomey fọ́ ìlú náà ní ọdún 1886. Ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ kò kórìíra àlejò tó pẹ́ dé. Àwọn tó ti sùn sínú ìlú ló ń rò. Síbẹ̀, lójú ọ̀nà Pobè sí Kétu, a ṣì ń sọ pé "ẹ sún mọ́ra, ó ku ẹnìkan," a sì ń pe èyí ní àánú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọkọ̀ ojú omi bá ń dúró dè yín ní ìlú kan, ẹ sun oorun òru kan ní ìlú náà kí ọjọ́ tó pé. Owó ilé àlejò kéré sí owó ọkọ̀ tó lọ. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ẹ kò lè ṣe aláìní, ẹ má ṣe jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ ọ̀nà kejì kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá sì bá ẹnu ọ̀nà ní títì, ẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn.

Nígbà tí mo padà dé Kétu, ìyá wa bèèrè aṣọ kí ó tó bèèrè èmi. Mo sọ fún un pé tirẹ̀ pẹ́ dé, pé aṣọ àtijọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ni ìyàwó ró. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà," ó ní, "èmi ni mo rà á."