Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ di ojú tábìlì ní sọ́ọ̀mìlì Bódìjà, n'Ìbàdàn

Bí wọ́n bá dárúkọ Bódìjà n'Ìbàdàn, iṣu, ẹ̀wà, gààrí àti ata ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Kò burú, oúnjẹ ló gbé orúkọ ọjà náà jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́lé, pákó ni yóò rántí. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú níbẹ̀ kì í fara pamọ́. Kéèyàn tó débẹ̀ rárá ni etí yóò ti máa gbọ́ igbe ẹ̀rọ, tí imú yóò ti máa gbọ́ òórùn igi tútù, tí lẹ́búlẹ́bú pákó yóò sì ti máa bà lé aṣọ. Ẹni tó bá wọ funfun lọ síbẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Agbégilódò ló ń kó igi wá. Láyé ìgbà tí igbó ṣì kún, ìtì ìrókò mélòó kan péré ti tó láti gba ẹ̀yìn ọkọ̀ tán. Ìrókò, afàrà, ọ̀pẹ̀pẹ̀, orúkọ Yorùbá yìí náà làwọn òyìnbó fi ń tà wọ́n lọ́jà àgbáyé títí dòní (ẹ ò rí i pé igi wa gbajúmọ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ!). Ṣùgbọ́n a gé wọn, a tà wọ́n, èyí tá a gbìn padà kò tó nǹkan. Lára ohun tí ọkọ̀ ń kó wá báyìí, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti pọ̀ jù, bíi tíìkì àti mẹlínà. Mẹlínà ọ̀hún, wọ́n gbìn ín lọ súà sí igbó ọba Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ilé iṣẹ́ tó wà n'Íwópin lè máa rí i fi ṣe bébà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò di bébà, sọ́ọ̀mìlì ló bá ara rẹ̀.

Oníbàárà kò kúkú mọ̀ pé igi ti tín-ín-rín. Ẹni tó ń ṣí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún ìgbéyàwó, ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ ilé rẹ̀ sára igi, gbogbo wọn ló ń fẹ́ igi olójú gbàràmù, tí èèpo rẹ̀ ṣì wà létí. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Igi tó fẹ̀ ní ínǹṣì 12, kò sí bí wọ́n ṣe lè la pákó tó ju ínǹṣì 12 lọ nínú rẹ̀. Àfi bí wọ́n bá dá a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Gbogbo ẹni tó ti dín dòdò rí ló mọ ọgbọ́n yìí. Bí wọ́n bá dábùú ọ̀gẹ̀dẹ̀, róbótó kéékèèké bíi kọ́bọ̀ ló máa jáde. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ dá a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á gùn gbọọrọ bí ẹyin, abọ́ á sì tètè kún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni o! Bẹ́ẹ̀ náà ni gẹdú. Igi oní-ínǹṣì 12 yẹn, bí wọ́n bá dá a ní dígírì 45, ojú rẹ̀ á gùn tó ínǹṣì 17. Bí wọ́n bá tún tẹ bíléèdì sún mọ́ gígùn igi, tó fi ku dígírì 30 láàárín àwọn méjèèjì, ó di ínǹṣì 24 nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé. Ìbú rẹ̀ ṣì jẹ́ 12.

Ẹnu ló rọrùn o, iṣẹ́ kò rọrùn. Torí pákó gígùn ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ ìlagi: gẹdú á sùn sílẹ̀, bíléèdì tó nà gbalaja á gbà á kọjá láti ìdí dé orí. Bí igi bá ṣì sùn bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe ọ̀tún ni wọ́n yí i sí tàbí òsì, pákó náà ni yóò jáde. Wọ́n ní láti gbé orí rẹ̀ kan sókè. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ayùn onípẹtiróòlù gé e kúrú, kó má baà ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbà. Wọ́n á wá kan igi pọ̀ bí àga tí bàbá arúgbó ń fẹ̀yìn tì, wọ́n á gbé gẹdú lé e, wọ́n á fi ègé igi há a lábẹ́, wọ́n á sì fi irin dè é mọ́lẹ̀ tọ̀tún tòsì. Ègé onígun tó bá kọ́kọ́ já kì í wúlò fún oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa sọ bíléèdì kalẹ̀ ní ínǹṣì méjì-méjì, ojú bí ẹyin á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ẹ̀rù wà nìyí. Gẹdú tó sùn, ìwúwo rẹ̀ ń dì í mú. Èyí tó fẹ̀yìn tì, díẹ̀ ló kù kó yí. Bó bá yẹ̀ nígbà tí bíléèdì wà nínú rẹ̀, bíléèdì lè já, irin tó bá sì já lórí irú eré bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọọṣẹ́. Iná ọba náà tún ń dá tirẹ̀ sílẹ̀: á lọ lójijì, bíléèdì á há sáàárín igi. Síbẹ̀, sílípáàsì ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin fi ń dúró ti iṣẹ́ yìí, kò sí awò tó bo ojú. Wọ́n á ní ó ti mọ́ àwọn lára. Ìka tó bá lọ kì í hù.

Bí wọ́n bá gé e tán, oníbàárà á fẹ́ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Omi kún inú igi tútù, bó bá sì ń gbẹ ló ń sún kì. Kì í sì í sún kì bákan náà: bó ṣe ń sún kì yípo òrùka inú rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì lọ sí àárín. Ohun tó ń là á nìyẹn. Èyí tí wọ́n dábùú ló máa ń là jù; èyí tí wọ́n dá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń fara dà á díẹ̀ sí i, àmọ́ òun náà á là bí oòrùn bá bá a. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ọ̀dà tàbí àbẹ́là yíyọ́ pa ojú rẹ̀, wọ́n á tò wọ́n léra lábẹ́ ibòji, wọ́n á fi pẹlẹbẹ igi sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa kọjá, wọ́n á sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ tútù sínú yàrá amúlétutù, tàbí tó jẹ́ kí ọyẹ́ bá a níta, kó má bá alágẹdú jà.

Kó má sì fi ṣe bẹ́ǹṣì. Ayùn ti gé iṣan igi já nínú ohun tí wọ́n dá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò lè gbé ẹrù bíi pákó gidi. Kó gbé ife tíì àti agogo, ìyẹn dára. Bí ẹ bá ní àlejò tó sanra, ẹ wá àga mìíràn fún un.

Lórí owó, ariwo kì í tán. Oníbàárà á ní ègé igi lásán mà ni. Alágẹdú á ní kí òun tó gbé àga yẹn kalẹ̀, kí òun tó dè é, òun ì bá ti la gẹdú mẹ́rin. Alágẹdú ló jàre. Àwọn ègé onígun tó kọ́kọ́ já sílẹ̀ pàápàá kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá olóúnjẹ á ti máa ṣà wọ́n sínú agbọ̀n láti fi dáná, wọ́n á sì tún dúnàádúrà lórí ìyẹn náà.