Ìgbín Inú Kòtò Òkè

Owó ìgbín ni Màmá àgbà fi rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi nígbà tí mo wọ girama. Èmi ni mo ru agbọ̀n tẹ̀ lé wọn lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, tí àwọn ìgbín ń wọ́ jáde létí agbọ̀n, tí omi ara wọn sì ń kán sí mi lọ́rùn. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi sọ lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn yóò dáná sun igbó tó kù ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lẹ́yìn oko kòkó wa kí àwọn lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, Màmá àgbà kò jẹ oúnjẹ alẹ́ wọn tán.

"Ìgbín ò lè tán láyé, Màámi," ni bàbá mi wí. "Bí iná bá dé, wọ́n á wọ́ lọ síbòmíràn."

Màmá àgbà kò fèsì.

Ìdànrè ni ìlú wa. Àárín àwọn àpáta ńlá ńlá ni a ń gbé. Àwọn àlejò a máa gun àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ láti wo ìlú àtijọ́ tó wà lókè, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀. Wọn kì í wo ilẹ̀. Èmi náà kì í wò ó. Lójú tèmi, ibi tí òjò bá ti rọ̀ ni ìgbín máa ń wà.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ báyọ́lọ́jì wa ti kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn ẹ̀dá tó ń gbé ibì kan gbọ́dọ̀ kà wọ́n, kí ó sì jẹ́ pé bákan náà ni ilẹ̀ tó wọ̀n níbi gbogbo ṣe tóbi. Mo mú okùn, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé kan. Lálẹ́, lẹ́yìn òjò, èmi àti àbúrò mi wọn ìṣísẹ̀ 10 ní gígùn àti 10 ní ìbú níbi mẹ́rin. Màmá àgbà tẹ̀ lé wa, wọ́n jókòó sórí òkúta nítòsí, wọ́n ń ṣọ́ wa. Ejò ló ń ba àbúrò mi lẹ́rù. Ó ń ba èmi náà, n kò kàn sọ ni.

Nínú oko kòkó, a rí ìgbín ńlá 3, ìlákọ̀ṣe sì pọ̀ lára ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń jẹrà. Lórí àpáta, kò sí ìgbín kankan, àfi àwọn kéékèèké bíi mélòó kan nínú pàlàpálá òkúta níbi tí gbòǹgbò koríko ti di erùpẹ̀ mú. Nínú igbó tó wà nínú kòtò láàárín àpáta méjì, ìyẹn ibi tí bàbá mi fẹ́ sun, ìgbín ńlá 11 la rí. A rí ìpéré pẹ̀lú, a sì rí àwọn kan lábẹ́ ewé tí wọn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, tí Màmá àgbà fúnra wọn kò mọ orúkọ wọn.

Ibi kẹrin ni ibi tí wọ́n ti sun ní ọdún méjì ṣáájú. Mo ka 14 níbẹ̀, inú mi sì bàjẹ́, nítorí ó jọ pé òótọ́ ni bàbá mi sọ. Àbúrò mi ló mú ọ̀kan, ó yí i wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo ni." Ìkarawun funfun ni gbogbo wọn. A kò rí ẹyọ kan tó wà láàyè.

Mo bi Màmá àgbà léèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbín a wọ abẹ́ ewé àti erùpẹ̀ lọ, a fi awọ tín-ín-rín kan dí ẹnu ìkarawun rẹ̀, a sì sùn títí òjò yóò fi dé. "Ojú oorun ni iná máa ń ká wọn mọ́. Ta ni yóò wọ́ lọ síbòmíràn?"

Olùkọ́ wa fi kún un nígbà tí mo fi ìwé mi hàn wọ́n. Ìgbín nílò kálísíọ̀mù, èròjà kan náà tó ń mú eegun wa le, láti fi ṣe ìkarawun. Láti ara ilẹ̀ àti ewé tó ń jẹrà ló ti ń rí i. Bí ewé bá jóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò àkọ́kọ́ a gbá eérú lọ sísàlẹ̀, oòrùn a sì gbẹ ilẹ̀ tó kù.

Mo bi Màmá àgbà pé kí ló dé tí wọn kò ti sọ èyí fún bàbá mi.

"Ta ló bi mí?"

Bàbá mi ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò sọ̀rọ̀ ìgbín rárá. Iye tí Màmá àgbà rí lórí ìgbín lọ́dún ni wọ́n béèrè, Màmá àgbà sì dá a lẹ́nu, owó náà sì ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọn kò dáná. Àdá ni wọ́n fi ṣán apá tó kọjú sí oko kòkó, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi inú kòtò sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Lóṣù kẹfà ọdún yìí mo tún kà wọ́n: 2 ní apá tí wọ́n ṣán, 10 nínú kòtò.

Àbúrò mi yóò wọ girama lóṣù kẹsàn-án. Lánàá, Màmá àgbà dé láti inú kòtò, wọ́n ṣa àwọn ìgbín kéékèèké kúrò nínú agbọ̀n, wọ́n sì ní kí n lọ dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú.